Ẹni Tó Fẹjọ́ Yunifásítì Pátákò Sùn

Ardis Skogstad ló kọ lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri bí ọkọ rẹ̀ ti ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé kan ni, ní oṣù kẹta, tí yìnyín ṣì bo gbogbo oko láti Orvik títí dé ààlà Kánádà. Verlyn, ọkọ rẹ̀, ti lọ kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin àwọn kan lápá adágún. Ardis jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó ki bébà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń lọ lẹ́yìn girama. Ó ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan wà létí ìlú Orvik tó ń pe abà rẹ̀ ní yunifásítì. N kò rò pé ó gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni tiyín, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú jẹ lógún." Kò fọwọ́ sí i. Ìlú kejì ló wakọ̀ lọ kó tó jù ú sínú àpótí lẹ́tà, torí pé obìnrin tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Orvik mọ gbogbo lẹ́tà tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkọ rẹ̀. Ọdún kẹrìnlélógójì tí wọ́n fẹ́ra nìyẹn, ó sì ṣì ń gé irun ọrùn rẹ̀ fún un ní ọjọ́ Sátidé kejì-kejì. Ọ̀dà ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó ti tó ogún ọdún tí Verlyn ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oko ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bí wọ́n ṣe ń gé pátákò ẹṣin, bí wọ́n ṣe ń tẹ irin gbígbóná, bí wọ́n ṣe ń kàn án mọ́ ọn tí ẹṣin ò ní ta wọ́n nípàá. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn wá ní màmá òun ń sunkún pé òun ò wọ yunifásítì. Verlyn ní, "Ṣé ìyẹn náà ni?" Ó gbé àkàbà, ó gun iwájú abà tó kọjú sí títì, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ màlúù: YUNIFÁSÍTÌ PÁTÁKÒ ẸṢIN. Ó ní kí ọmọ náà lọ sọ fún màmá rẹ̀ pé òun ti wọlé.

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ardis náà rẹ́rìn-ín fún bí ọdún kan. Àmọ́ nígbà tí ọ̀dà pupa ara abà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí abà wá dà bí ajá oníkúrúnà, Verlyn kọ̀ jálẹ̀, kò kùn ún. "Ta ló máa ń kun ọ̀dà bo yunifásítì?" ni ó máa ń wí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wí bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò ọ̀nà á dúró, wọ́n á ya fọ́tò, fèrèsé ìdáná Ardis á sì wà nínú fọ́tò náà tòun ti aṣọ ìnuwọ́ tó sá. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ọmọkùnrin kan kọ̀wé láti òkè òkun, ó fi èsì ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun fẹ́ wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Verlyn dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ń tọ́jú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì pé mẹ́rin nìkan.

Ìyẹn ló sú Ardis pátápátá. Ó ní lẹ́tà ìjọba máa dé, àyà ọkùnrin náà máa já, á gun àkàbà, á pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, tó bá sì ti wà lókè àkàbà tán, á kúkú kun ìyókù. Kí oṣù keje tó pé, abà òun á ti pọ́n yòò.

Lẹ́tà ìjọba dé ní oṣù karùn-ún. Ardis wò ó láti ojú fèrèsé bí Verlyn ṣe dúró ti àpótí lẹ́tà lẹ́bàá títì, tó ń kà á, tó tún un kà. Ó wá ń rìn bọ̀ wá sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹni tẹ́rù ń bà lọ.

"Ardis! Ìjọba ti gbọ́ nípa wa!"

"Kí ni wọ́n wí?" Ardis ń nu ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní yunifásítì ní ìpínlẹ̀ yìí láìgbàṣẹ. Kí n pa orúkọ náà rẹ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, tàbí kí n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn girama."

"Ó dáa. Ọ̀dà wà ní ìsàlẹ̀ ilé."

"Ọ̀dà kẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ 'tàbí' ni?" Ó na lẹ́tà náà sí i. "'Tàbí' rèé. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. A máa forúkọ sílẹ̀."

"Verlyn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ẹ́."

"Àwọn yunifásítì mìíràn dàgbà jù mí lọ. Ìwọ náà kọ́ lo ṣe akọ̀wé ilé ìwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Gbé ẹ̀rọ ẹ jáde."

Bó ṣe di pé Ardis ló máa tẹ ìwé náà nìyẹn, fọ́ọ̀mù olójú ewé méjìdínlógójì, lórí ẹ̀rọ tó fi tẹ ẹ̀sùn. Èyí tó tún wá burú ni ohun tí Verlyn sọ bó ṣe ń bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹnì kan ló fẹjọ́ wa sùn. Mo sì mọ̀ ọ́n. Duane Brekke ni."

Ọwọ́ Ardis dúró lára ife. Duane Brekke ni aládùúgbò wọn, òdìkejì títì gan-an ni ilé rẹ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹ̀wà sóyà ló ń gbìn, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Verlyn sì máa ń ta káàdì.

"Kò lè jẹ́ Duane."

"Ta wá ni? Ta ni yunifásítì kọjú sí? Láti ogún ọdún ló ti ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lárààárọ̀ tó ń bá a pàdé. Owú ni."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ife náà sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Verlyn ti ń fìyà jẹ Duane bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ èèyàn ní Orvik. Kò bú u, kò bá a jà. Bí ọkọ̀ wọn bá pàdé lójú títì, kò gbé ìka kan sókè kí i láti ẹ̀yìn ìdarí ọkọ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó lọ sí apá kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé, ó sì ń gbọ̀n níbẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Nígbà tí Duane ké sí i lórí fóònù pé bàtà ẹṣin òun bọ́, Verlyn ní ọwọ́ òun dí, ọ̀rọ̀ yunifásítì wà nílẹ̀.

Duane wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Verlyn ò sí nílé. Rúbáàbù tuntun kún apá rẹ̀, ewébẹ̀ kíkan tí igi rẹ̀ pọ́n, tí wọ́n fi ń ṣe páì.

"Ardis, kí ni mo ṣe fún un?" Ojú rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Á rọ̀ tó bá yá, Duane."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan? Ó dárúkọ mi?"

"O mọ Verlyn. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lórí, ó di kó tutù."

Ó gba rúbáàbù, ó fi ṣe páì. Verlyn jẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ó yìn ín títí. Ardis ò fọwọ́ kàn án.

Fọ́ọ̀mù náà gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Verlyn á jókòó sórí àga tó ń mì síwá-sẹ́yìn, Ardis á máa ka ìbéèrè.

"Iye olùkọ́?"

"Ẹyọ kan."

"Ìwé ẹ̀rí tí olùkọ́ ní?"

Verlyn gbé ọwọ́ òsì sókè. Méjì nínú àwọn ìka náà ò tọ́ mọ́. "Kọ pé ẹṣin mẹ́ta ló fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Mi ò ní kọ ìyẹn." Ó tẹ̀ pé olùkọ́ ní ìrírí ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. "Láíbìrì ńkọ́?"

"Ìwé méjì ló wà ní abà. Ọ̀kan sọ nípa àrùn pátákò, èkejì jẹ́ kàlẹ́ńdà."

"Kàlẹ́ńdà kì í ṣe ìwé, Verlyn."

"Ẹṣin ló wà ní gbogbo ojú ewé ẹ̀."

"Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbede méjì, báwo lẹ ṣe máa dá owó rẹ̀ padà?"

Verlyn ronú sí èyí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, páì tí àwọn ìyá wọn bá fi ránṣẹ́ ló ń gbà. "Kọ pé tó bá kúrò kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, a máa dá ìdajì páì ẹ̀ padà. Tí mi ò bá tíì jẹ ẹ́."

Ardis rẹ́rìn-ín débi pé ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà ti pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó tún ka èyí tó kàn, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀nà wo ni ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè gbà fi í hàn?"

"Ẹn-ẹ́n. Kọ ọ́ dáadáa níbẹ̀," ni Verlyn wí. "Ẹni tó bá ní nǹkan sọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi bí ọmọlúàbí. Kó má lọ máa kọ lẹ́tà aláìlórúkọ bíi Duane Brekke."

Ardis tẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀sùn gbogbo yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní tààrà.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà máa kú sí ọ́fíìsì. Kò kú. Ní ìparí oṣù kẹfà, mọ́tò kékeré kan tí eruku ti bò wọ àgbàlá wọn, obìnrin kan tó tó ẹni ọdún márùndínlógójì sì sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà gígùn. Ardis rí ìyẹn, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni yìí kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Pakou Thao lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ gíga." Ó gbójú sókè wo iwájú abà fún ìgbà pípẹ́. "Lẹ́tà yẹn tóbi ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ẹ ṣeun," ni Verlyn wí.

"Orúkọ yẹn ò lè dúró o, sà. Ẹni tó ń fúnni ní oyè dìgírì nìkan ló lè pe ara ẹ̀ ní yunifásítì."

"Tá a bá pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́?"

"Rárá, sà."

"Akadẹ́mì?"

"Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe."

"Kí ló wá kù?"

"'Ilé ẹ̀kọ́.' Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí ìyẹn."

Verlyn họ ọrùn rẹ̀. "Tí mo bá pa á rẹ́ lónìí ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹ ò jẹ ìjọba ní àlàyé kankan mọ́, èmi náà á sì máa lọ sílé."

Ohun tí Ardis ti ń wá láti oṣù kẹta ló dúró sí àgbàlá yìí, tó wọ bàtà rọ́bà. Ó kù díẹ̀ kó sáré wọlé lọ gbé ọ̀dà.

"Wákàtí mélòó lẹ fi wakọ̀ wá?" ni Verlyn bi obìnrin náà.

"Mẹ́rin, sà."

"Ẹ wá wo inú ẹ̀ ná kí ẹ tó lọ. Kò dáa kéèyàn wakọ̀ wákàtí mẹ́rin wá wo ògiri."

Nínú abà, Thao wo ibi iná, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́, òfin ní kí òun fojú rí ẹ̀kọ́ kan.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà?"

Gbogbo wọn wà lóko, àsìkò tí wọ́n ń gé koríko ẹran ni. Verlyn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀kan rèé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

"Verlyn!"

"Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pe olùkọ́ lórúkọ níbí." Ó sì ti ń so awọ ìbora iṣẹ́ mọ́ ọn nídìí.

Ogún ọdún ni Ardis ti ń wo abà yẹn láti fèrèsé ìdáná, kò gbé ẹsẹ̀ ẹṣin kankan rí. Wọ́n mú Gudrun jáde, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Ardis rò pé Verlyn máa bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ohùn ọkùnrin náà yí padà. Ó rẹlẹ̀, kò sì kánjú.

"Má tíì wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Etí ẹ̀ ni kó o wò. Etí ló máa sọ fún ẹ bóyá ó fẹ́ kó o sún mọ́ òun."

Etí Gudrun yí sí wọn, ó dúró jẹ́ẹ́.

"Ó dáa. Fi èjìká ẹ kàn án. Má tì í, jẹ́ kó mọ̀ pé o wà níbẹ̀ ni. Wá máa fi ọwọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tó o bá dé ìsàlẹ̀ orúnkún, fi ọwọ́ fún ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ẹni ń bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́."

Ardis fi ọwọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá náà sì gbéra nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wá sí ọwọ́ rẹ̀, ó wúwo, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ardis gbàgbé pé ẹnì kan ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọkùnrin tí kò lè ṣàlàyé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí láti ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni tó dá a lójú pé ó máa yé e, ó sì ń yé e.

Ó kan ìṣó àkọ́kọ́, ó tẹ̀ kọrọdọ. "Kò burú," ni Verlyn wí. "Àtàǹpàkò mi ni tèmi àkọ́kọ́ wọ̀." Ó fà á yọ, ó fún un ní òmíràn. Èkejì wọlé gbọnrangandan. Nígbà tí Ardis gbórí sókè, Thao ti dá kíkọ dúró, ó kàn ń wòran ni. Ibẹ̀ ni Gudrun ti na ọrùn, tó sì fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun obìnrin náà nu imú rẹ̀ láti èjìká títí dé ìgbọ̀nwọ́. Oje koríko tútù lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Thao wo apá rẹ̀. "Ṣé èyí náà wà nínú ẹ̀kọ́?"

"Ìdánwò àṣewọlé nìyẹn. Ẹ yege."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó wá béèrè iye èèyàn tí Verlyn ti kọ́. Verlyn tọ́ka sókè. Lára igi ńlá tó gba àárín abà kọjá, wọ́n ti fi irin gbígbóná kọ orúkọ sára rẹ̀ láti òpin dé òpin, àwọn kan fẹ̀, àwọn kan wọ́. Thao bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Ardis náà ń kà nínú ara rẹ̀. Igba ó lé méjìlá. Ardis mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òun ló máa ń kọ orúkọ wọn sí ìwé àwọn tó pẹ́ ilé ìwé. Lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíà ni wọ́n ń mu ní abà lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín," ni Verlyn wí fún Thao, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí ìwé tí wọ́n máa gbà níbí jẹ́ èyí tí ẹlòmíì máa kà sí."

Nígbà tí Verlyn ń dá ẹṣin padà, Ardis àti Thao wọ ìdáná lọ mu kọfí. Thao tú fáìlì rẹ̀ sórí tábìlì, ó yọ ojú ewé kan nínú fọ́ọ̀mù.

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín gbádùn mọ́ mi, mà. Gbogbo g tó wà níbí ló ń fò sókè bíi tata."

"Ó ti gbó."

Thao yọ bébà kékeré kan, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "G ti èyí náà ń fò."

Agogo ara ògiri ń dún. Ardis mọ bébà náà láìkà á. Ó ti àwo bíṣkíìtì sí iwájú Thao.

"Òfin ò gbà mí láyè láti dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn fún ẹni tó fẹjọ́ ẹ̀ sùn," ni Thao wí. "Kò ní kí n má jẹ bíṣkíìtì onítọ̀hún." Ó mú ìkejì. "Lẹ́tà méjì ló dé lọ́sẹ̀ yẹn, mà. Wọ́n tẹ ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ èkejì. Mo ní kí n kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò dá nìkan wà."

"Ta ló kọ èkejì?"

"Kọfí yín dùn gan-an, mà," ni Thao wí, ó sì kó bébà rẹ̀ jọ.

Ìwé dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìjọba máa gbà wọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ṣí ẹnu ọ̀nà kejì sí abà, tí wọ́n ra ohun ìpaná, tí wọ́n rí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó máa san owó gidi dípò páì, tí wọ́n sì pa orúkọ yẹn rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Verlyn ti wà lókè àkàbà pẹ̀lú korobá ọ̀dà pupa. Ardis di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ohun tó fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn bó ṣe rò.

"Verlyn. Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ọ̀dà kán sí i lórí bàtà. "Lẹ́tà wo?"

"O mọ lẹ́tà tí mò ń wí."

Verlyn sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ ń dún. "Ìwọ."

"Èmi."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀dà ni."

Ó yíjú wo abà tó ti pupa dé ìdajì. "O ò bá ti ní kí n kùn ún."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ní kó o kùn ún!"

Verlyn rò ó wò. "Òótọ́ ni," ni ó wí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jókòó sórí koríko, ó ń fọwọ́ na ilẹ̀. "O fẹjọ́ sùn! O tún tẹ fọ́ọ̀mù! Ojú ewé méjìdínlógójì!" Lójijì ni ẹ̀rín náà dá. "Duane."

"Mo mọ̀."

"Oṣù méjì ni mi ò gbé ìka kí i."

"Mo mọ̀, Verlyn."

"Mo jẹ́ kí ẹṣin ẹ̀ máa rìn láìní bàtà. Mo lọ jókòó síbi afẹ́fẹ́ títí ọrùn mi fi yí." Ó dìde. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ sọ fún un. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ tí mo bá wẹ ọ̀dà yìí kúrò."

Ardis gbé kéèkì tó fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọdá títì. Duane jókòó sí gbàgede, ó ń yọ ẹ̀wà tútù nínú èèpo rẹ̀ sínú abọ́. Ardis ò jókòó. Ó dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: òun ló kọ lẹ́tà, òun ló dákẹ́, kó dárí ji òun.

Ojú Duane pọ́n láti ọrùn lọ sókè. "Ardis, jókòó ná. Má tíì bẹ̀ mí."

"Kí ló dé?"

"Èmi náà kọ tèmi."

Ardis jókòó.

"Nínú oṣù kẹta," ni Duane wí. "Ọjọ́bọ̀ márùn-ún ni Verlyn fi lù mí nídìí káàdì, tẹ̀léra-tẹ̀léra. Gbogbo ìgbà tó bá ti jẹ, á ní, 'Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn láti yunifásítì.' Ìkarùn-ún ni mi ò lè fara dà. Mo kọ ọ́, mo sì ti jù ú sínú àpótí kí inú mi tó rọ̀."

"Àpótí wo?"

"Ti ìlú kejì. Ṣé o mọ obìnrin tó wà ní ti Orvik?"

Wọ́n wojú ara wọn. Ardis ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Duane rẹ́rìn-ín títí abọ́ ẹ̀wà fi ṣubú, tí ẹ̀wà yí káàkiri gbàgede, tí adìẹ sì wá ń ṣà á.

"Ṣé o máa sọ fún un?" ni Duane béèrè nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀.

Ardis nu ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọ́fíìsì ilé ìwé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó mọ ìgbà tí èèyàn wà lọ́wọ́ òun. "Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni ìjọba ní kí Verlyn ní. Mẹ́ta ló rí."

"Ardis, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹṣin ẹ ò sì ní bàtà."

Duane wo inú ilé rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. "Èló ni owó ilé ìwé?"

Kí Ardis tó fèsì, Verlyn ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ọ̀dà pupa ṣì wà létí rẹ̀ kan. Kò tọrọ àforíjì ju ìgbà méjì lọ rí láyé rẹ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Duane. Mo ṣe ohun tí kò dáa. Mo ro ohun tí o ò ṣe sí ẹ."

Duane gbé àgbọ̀n sókè. Ojú rẹ̀ wá le bí ojú àlùfáà. "Ohun tó dùn mí jù, Verlyn, ni pé o lè rò ó pé èmi ló máa ṣe irú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ojú tì mí."

"Àtogún ọdún tí mo ti ń wo yunifásítì ẹ, ṣé mo sọ nǹkan kan rí?"

"O ò sọ nǹkan kan."

"Ó ti tán. Mi ò kí ń di èèyàn sínú."

Ardis dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi mu. Ó dé ìdáná Duane, ó ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu, ó fi iwájú orí ti fìríìjì, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Láti ìta, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Duane pé ó lọ́kàn tó dáa.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wọlé ní oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Abà pọ́n débi pé àwọn èrò ọ̀nà tún ń dúró yà á ní fọ́tò. Lójú òfin, Ardis ni akọ̀wé àgbà, òun ló ń fọwọ́ sí sátífíkéètì. Mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba tiwọn kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Duane tẹ ìṣó mọ́kànlá kọrọdọ, ẹṣin tirẹ̀ gan-an dúró lé e lẹ́sẹ̀. Duane ní láti tún kíláàsì kà.